Ọdún Tí Ó Wọlé, Tí Ó Tilẹ̀kùn

Kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá tí kì í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní àṣà ìkíni. Èmi pẹ̀lú ń kọ́ wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí ìgbà, kò sí iṣẹ́, kò sí ipò kankan tí ẹ̀dá lè wà tí Yorùbá kò ní ìkíni tí ó bá a mu. Ẹni tí ó ń ṣọdún, "Ẹ kú ọdún" ni a ó kí i. Òun náà yóò ní kí a kú ìyèdún. A ó ṣàdúrà pé àṣèyíṣàmọ́dún, gbogbo ilé yóò sì ṣe "Àmín". Àwọn tí ó ń múra ìdánwò a kọ ọ́ sínú ìwé, wọn a há a sórí, wọn a sì gba máàkì wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lára ìkíni yìí tí kò sí nínú ìwé tí a fi ń kọ́ wọn, oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni ó sì fi í hàn mí: ìkíni ọdún kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè dá ṣe. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò jẹ́ ẹ.

Kúta tí a gbé bí mi, lágbègbè Ìwó, ìlú àwa ọmọ Òwu ni. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ náà kò sì kéré. Agboolé kan náà a máa bí aláfàá, a sì máa bí oníwàásù. Bí Iléyá bá dé, ẹran a máa wọ ilé wa láti ọ̀tún àti láti òsì, bẹ́ẹ̀ a kò pa àgbò. Bí Kérésìmesì bá dé, ó di tiwa láti san án padà. Ìyá mi a to abọ́ onídérí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, a bu ìrẹsì sí wọn, a gbé ẹran lé e, a sì máa ka ojúlé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lọ bí ẹni ka ìlẹ̀kẹ̀. Kò ní bu tiwa títí abọ́ tí ó kẹ́yìn yóò fi jáde. Ebi a máa pa wá, òórùn ọbẹ̀ a máa dá wa lóró, a ó máa sáré lọ sáré bọ̀ nínú ọyẹ́ pẹ̀lú ètè tí ó ti là àti ẹsẹ̀ tí ó funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó rin inú eérú kọjá. Abọ́ kì í padà wálé lófìfo. Bí kò sí nǹkan mìíràn, obì kan ṣoṣo a wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọdún ní Kúta, nígbà náà àti nísinsìnyí, ohun tí ó ń ti inú ilé jáde ni.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìyàwó mi rí ààyè láti lọ kàwé fún ọdún kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ irú rẹ̀ lè mú ọkọ àti ọmọ dání. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìjọba Ìlú Ọba ti ti ìlẹ̀kùn yẹn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo gba ìsinmi aláìlówó-oṣù lẹ́nu iṣẹ́ mi, a mú ọmọbìnrin wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje, ó di Peckham ní gúúsù ìlú náà. Èmi tí mo ń fi ìjìnlẹ̀ òwe dá àwọn ọmọ kíláàsì lára yá wá di òṣìṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Èyí kò bà mí nínú jẹ́, iṣẹ́ ni. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé nígbà tí oṣù Kọkànlá fi máa parí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ wa fi ń dáhùn gbogbo ohun tí a bá fi Yorùbá bi í.

Òtútù ibẹ̀ fẹ́ àlàyé díẹ̀, pàápàá fún àwọn tí yóò pàdé ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìdánwò ìtumọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa pe ìgbà òtútù àwọn òyìnbó ní ọyẹ́, ìlà pupa ni mo sì máa ń fà sí i. Afẹ́fẹ́ ni ọyẹ́. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti ń fẹ́ wá, ó gbẹ, ó ní eruku, oòrùn ọ̀sán a sì máa lé e sẹ́yìn. Ohun tí mo bá ní Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe afẹ́fẹ́, àìsí oòrùn ni. Ìlú náà wà ní nǹkan bí dígírì 51 ààbọ̀ sí àríwá agbedeméjì ayé, Kúta kò sì ju nǹkan bí 7 ààbọ̀ lọ. Nítorí pé ayé fì sí ẹ̀gbẹ́ kan ní dígírì 23 ààbọ̀ bí ó ti ń yí oòrùn ká, oòrùn oṣù Kejìlá kì í yọ sí wọn títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ òwúrọ̀, yóò sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Wákàtí mẹ́jọ péré ni ọ̀sán, nígbà tí tiwa ń lọ sí méjìlá. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan wà tí ó bá irú ìgbà bẹ́ẹ̀ mu, òun ni ọ̀gìnnìtìn. Ó dùn mí pé a ti ń jẹ́ kí ó kú.

Ní òru ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, yìnyín bọ́. Mo pè é ní yìnyín nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é, ṣùgbọ́n yìnyín tí àwa mọ̀ nílé a máa dún lórí páànù, a sì máa ta ènìyàn lórí. Èyí kò dún rárá. Òjò dídì ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá pè é, mo sì rántí pé Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òsogùn, wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn CMS ní Islington, ní Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà, láti ọdún 1842 di 1843, tí ó fi gba oyè àlùfáà. Ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìgbà òtútù wọn. Bóyá nítorí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà fi ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀. Ọmọ wa ni tirẹ̀ dúró lójú fèrèsé, ó sì gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ wá wò ó! Òwú ń já bọ́!" Ìyàwó mi wò mí, mo wo ìyàwó mi. A kò sọ nǹkan kan, kí ọ̀rọ̀ náà má baà bẹ̀rù wa sá padà.

Bí ọdún ti ń súnmọ́ etílé, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná. Ní Oxford Street, láti ọdún 1959 ni wọ́n ti ń gbé iná àràbarà kọ́ sókè títì ní àsìkò Kérésìmesì. Ní Trafalgar Square ẹ̀wẹ̀, igi gíga kan wà tí ìlú Oslo ní ilẹ̀ Norway ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún láti 1947, láti fi dúpẹ́ oore tí Ìlú Ọba ṣe fún wọn nígbà ogun Hitler. Mo fẹ́ràn igi yìí ju gbogbo iná náà lọ. Ó jọ abọ́ ìrẹsì ìyá mi: ilé kan gbé e fún ilé kejì, kò sì jẹ́ kí ó di ìgbàgbé. Èrò pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú. Wọ́n ń rajà, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n sì ń tọrọ àforíjì. Ẹni tí ó bá dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn yóò rò pé ọdún ibẹ̀ yóò borí ti ibikíbi láyé.

Àṣé ìmúra ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀: "Bùrọ̀dá, ní ọjọ́ Kérésì gan-an, kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí ọkọ̀ ojú irin tí ń gba abẹ́ ilẹ̀. Ibi tí ọjọ́ náà bá bá yín ni ẹ ó wà." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ìlú tí ó ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ènìyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ dákẹ́ ní ọjọ́ kan bí oko tí àgbẹ̀ ti kúrò. Ojú títì Rye Lane, níbi tí a ti ń ra iṣu, ata rodo, ẹ̀lúbọ́ àti pọ̀nmọ́, tí ariwo rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Ọjà Ọba, kò sí ẹsẹ̀ kan níbẹ̀. Ọdún ti wọlé ní tirẹ̀, ó sì ti tilẹ̀kùn. Ẹbí tí ó bá pé sínú ilé, inú wọn ń dùn. N kò bá wọn jiyàn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni kò ní ibi tí yóò wọ̀.

Ìyàwó mi ti se ìrẹsì láti àárọ̀, ó sì ti din adìẹ líle tí ó ti dì gbagidi nínú ẹ̀rọ amómitutù. Ọmọ wa bi í pé nígbà wo ni a pa á, tí òun kò fi gbọ́ igbe rẹ̀. Ilé náà móoru díẹ̀, nítorí a ti fi owó sí mítà dáadáa. Mítà àsansílẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, ṣebí a ní in nílé. Ohun tí ó ṣàjèjì ni kí a máa fi owó lé òtútù bí ẹni ń fi òkò lé ẹyẹ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ jinná, ìyàwó mi dúró pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ọmọ wa sì béèrè, ní èdè Yorùbá tí ó mọ́ gaara:

"Màmá, ta ni a fẹ́ gbé e lọ fún?"

Ojúlé mẹ́rin ni ó wà lórí àjà tí a ń gbé. A mú abọ́ mẹ́ta. Ojúlé kìíní ti rin ìrìn àjò. Ní ojúlé kejì, a ń gbọ́ ohùn tẹlifíṣọ̀n, a kànlẹ̀kùn títí, kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ní ẹ̀kẹta, bàbá òyìnbó arúgbó kan ṣí ìlẹ̀kùn ní ìwọ̀nba tí ṣéènì rẹ̀ lè gbà, ó wo abọ́, ó wo wa, ó sì sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òun kò ránṣẹ́ ra oúnjẹ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. A ṣàlàyé. Ó yọ ṣéènì. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó dúpẹ́, ó gbé abọ́ wọlé, ìlẹ̀kùn sì padà sí ipò rẹ̀. (Ní ọjọ́ kẹrin ó dá abọ́ náà padà ní fífọ̀, káàdì ọdún kan àti bisikíìtì sì wà nínú rẹ̀. Ìyá mi ì bá sọ pé ọmọ Kúta ni.)

Àwọn tí ó ṣáájú wa dé ibẹ̀ mọ ìlẹ̀kùn títì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin, ìyà àti àìlówó kò jẹ́ kí ó gbádùn. Ní ọdún 1924 ó fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí rédíò níbẹ̀, wọ́n sì ní òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1925 òun àti Bankole-Bright ti Sàró dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí WASU, nígbà tí ó sì di 1933 ẹgbẹ́ náà ṣí ilé kan ní Camden. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Àwọn onílé púpọ̀ kì í fi yàrá háyà fún aláwọ̀ dúdú, kò sì sí òfin tí ó kà á léèwọ̀ títí di 1968. Ọpẹ́olú, aya Ṣólàńkẹ́, ni ó ń ṣe ìyá ilé náà. Mo máa ń ronú sí ọ̀rọ̀ yìí pé òṣèlú ni ìtàn fi ń rántí WASU, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní ìgbà òtútù, ilé tí èdè rẹ̀ ti ń dún, tí ó sì lè kanlẹ̀kùn rẹ̀ ni, kí ó tó di ohunkóhun mìíràn.

Abọ́ kan ṣẹ́kù fún wa tí a mọ ojúlé rẹ̀. Ìyá mi ti fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1971, tí ó sì ń gbé Deptford. Àlàájà ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. A ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, a kò tí ì fojú kan ara wa. A di abọ́ náà sínú aṣọ ìnura kí ó má baà tutù, a sì fi ẹsẹ̀ rìn ín, láti Queen's Road bọ́ sí New Cross, láti ibẹ̀ dé Deptford. Ó gbà wá ní wákàtí kan àti díẹ̀. A kò pàdé tó ènìyàn mẹ́wàá lójú ọ̀nà. Ọmọ wa ni ó gbé abọ́ náà ní ibi tí ó pọ̀ jù. Ó kọ̀ láti gbé e fún mi.

A tẹ agogo. "Ta nìyẹn?" Yorùbá ni wọ́n fi béèrè, bí ẹni pé kò sí èdè mìíràn ní Deptford.

"Àwa ni, mà. Ọmọ Kúta ni wá," ni ọmọ wa wí.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Mo dọ̀bálẹ̀ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ìyàwó àti ọmọ mi kúnlẹ̀, a ní, "Ẹ kú ọdún, mà." Àlàájà kò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa là á, oríkì Òwu ni wọ́n mú bọnu. Wọ́n kì wá dé àárín, wọ́n sì dúró gbọnrangandan, ọ̀rọ̀ tí ó kàn kò wá. Wọ́n fi ọwọ́ gbá iwájú orí. Mo fún wọn ní ìlà náà láti ilẹ̀ níbi tí mo wà, wọ́n gbà á lẹ́nu mi, wọ́n sì kì í parí pẹ̀lú omijé lójú.

A jẹun. Ní aago mẹ́ta Àlàájà ní kí a dákẹ́ kí a gbọ́ Ọba. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti wàjà ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọ̀rọ̀ Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí ọmọ rẹ̀, Charles Kẹta, yóò sọ sí ìlú nìyí. Àlàájà ní Mùsùlùmí ni òun, mọ́ṣáláṣí Old Kent Road ni òun ń lọ, ilé ọtí àtijọ́ tí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Nàìjíríà rà ní 1993; síbẹ̀ láti ìgbà tí òun ti dé, òun kò pa ọ̀rọ̀ Ọbabìnrin jẹ rí. "Òun nìkan ni ó máa ń wọ ilé wá kí mi ní ọjọ́ òní."

Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n bí. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó bímọ sí Ìlú Ọba ni ó fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó láti bá wọn tọ́, wọn a sì máa sanwó lọ́sẹ̀. Àlàájà gbé tiwọn lọ sí Kent. "Ọkọ mi ń kọ́ ìṣírò owó, èmi ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́, yàrá kan ṣoṣo ni a ní. Ìyàwó òyìnbó yẹn tọ́jú wọn, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n lò." Wọ́n bojú wo ọmọ wa. "Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọn yóò wá, wọn yóò gbé ẹ̀bùn wá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n kú ọdún, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi jẹ́ ẹ. Mo bí wọn. Ẹlòmíràn ni ó fún wọn lẹ́nu."

Ìyàwó mi na ọwọ́ gbá abọ́ tí ó ṣófo mú. Ọmọ wa kò gbọ́. Ó wà lórí ẹní, ó ń fi ìka kan bátànì aṣọ àdìrẹ tí Àlàájà fi bo àga, ó ń bi wọ́n ní orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àlàájà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju èmi lọ, àádọ́ta ọdún tí wọ́n fi sọ ọ́ kì í ṣe eré. Síbẹ̀, jálẹ̀ ọ̀sán yẹn, gbólóhùn kan kò ti ẹnu wọn jáde sí ọmọ náà bí kò ṣe Yorùbá. Bí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n léèrè, wọn a ní, "Kí lo wí, ìyá mi?" a tún un sọ. Èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí lórí bí a ti ń kọ́ni jókòó, mo ń wò wọ́n. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, wọ́n gbé abọ́ wa fún wa, dàbínù ni ó kún inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìsìn àìsùn ọdún tuntun kò ní gùn. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú 240 ní agbègbè Southwark nìkan, ní òru ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ó dà bí ẹni pé gbogbo wọn ti tú sójú títì. Bí àwọn kan ti ń wo iná aláràbarà létí odò Thames, àwa ń jó. Etí mi gbọ́ "Ẹ kú ọdún" dé ibi tí ó sú u. Síbẹ̀, bí a ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, olúkúlùkù sáré lọ bá bọ́ọ̀sì òru, kò sí ẹni tí ó mọ ilé ẹnì kejì.

A padà sílé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà, ní Kúta, ọyẹ́ le, ilé sì kún. Ọmọ wa ti mọ ojúlé méje tí òun yóò gbé abọ́ lọ láìbéèrè. A pe Àlàájà lórí fóònù tí ń fi àwòrán hàn. Wọ́n kí wa, a kí wọn, wọ́n ní aago mẹ́ta kò tí ì lù lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n wá ní kí n má sọ̀rọ̀ mọ́. "Gbé fóònù náà sójú fèrèsé tí ó kọjú sí ìta, kí ó sì wà níbẹ̀. Ariwo ni mo fẹ́ gbọ́." Mo gbé e síbẹ̀. Àwọn ọmọdé ń yin bángà, ewúrẹ́ ń ké, ẹnìkan ń bá ẹnìkan jà nítorí ẹran, àwọn tí ó gbé abọ́ ń wọlé, àwọn tí ó gbé abọ́ ń jáde, ẹni tí ó bá sì kọjá lójú fèrèsé a bẹ̀rẹ̀, a wo inú fóònù, a ní, "Ẹ kú ọdún, mà." Wọ́n sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí iná fóònù náà fi kú.